Ta Ni Dẹ́rẹ́bà?

Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù ní Oǹdó
tí mo ti ń fẹsẹ̀ gbá táyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan,
méjìlélógún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì,
bí abiyamọ ọlọ́mọ púpọ̀ ṣe ń ka orí lórí ẹní.
Pákó ìrókò wà nísàlẹ̀, afárá wà lókè rẹ̀,
òórùn igi tútù gba gbogbo gáréèjì.
Ẹrù wà lẹ́yìn, ẹ̀rù wà níwájú,
èmi ni mo wà láàárín.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀.
Èmi ni mo ń ju wéèjì sábẹ́ táyà,
èmi ni mo ń sùn lórí tapólì láti Lọ́kọ́ja dé Kàdúná,
tí ìràwọ̀ ń sáré, tí èmi ń hanrun.
N kò mọ̀ nígbà náà pé oorun mi,
ojú Bàbá Akínsùróju ló ń san owó rẹ̀.

Ojú ọ̀hún ti sanwó tán.
Kùrukùru ti bò ó,
dókítà ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ alẹ́ mọ́.
Lánàá ó pè mí sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀;
mo rò pé ìmọ̀ràn ni, mo rò pé ìwúre ni.
Kọ́kọ́rọ́ ló nà sí mi, àti wéèjì igi kan
tí táyà ti jẹ létí bí eku ṣe ń jẹ iṣu.
Ó ní, "Òkè Òkéne kò mọ orúkọ baba ẹnikẹ́ni."
Ó wọlé. Ó tìlẹ̀kùn.

Mo gòkè.
Ìjókòó náà ti kòtò ní ìwọ̀n ìdí rẹ̀;
mo jókòó sínú kòtò náà, mo rì,
bí ọmọdé tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà àgbà.
Mo ti wà á rí, bẹ́ẹ̀ ni, lọ́sàn-án gangan,
tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń jẹ obì;
ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a wà níṣojú ọ̀gá
kì í ṣe ọkọ̀ tí a dá wà.

Fẹ́sọ̀jayé ni wọ́n ń pe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tèmi.
Ẹ wo orúkọ! Eré ló fẹ́ kí n sá.
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ̀, ọ̀nà ṣófo."
Ọ̀nà ṣófo lóòótọ́. Ẹ̀yìn mi ni kò ṣófo.
Ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù igi ló ń tì mí sọ̀kalẹ̀ sí Ọwẹ́nà,
igi tí kò lè rìn nígbà tó wà lóòró,
tó dùbúlẹ̀ tán, tó wá di arìnrìn-àjò,
tó fẹ́ yára ju ẹni tó ń gbé e lọ.
Mo fa jíà wálẹ̀, mo tún fà á.
Ẹ́ńjìnnì kérora. Afárá gbà wá kọjá.
N kò sọ fún Fẹ́sọ̀jayé pé orúnkún mi ń gbọ̀n.

Ní Àkúrẹ́, iná òpópónà kan ń tàn, méjì ti kú.
Ọ̀nà tó yà sí ilé ìyá mi kọjá lápá ọ̀tún.
Ó ti jí, mo mọ̀; ó ń ro ògì.
Tírélà kì í yà kí ìyá.
Mo fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan péré,
ajá kan dáhùn.

Nígbà tí a já sí ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ilẹ̀ ń là bọ̀,
ọlọ́pàá kan na tọ́ọ̀ṣì sí wa
láti ẹ̀gbẹ́ Fẹ́sọ̀jayé.
Ó wo òun, ó wo èmi, ó tún padà wo òun.
"Ta ni dẹ́rẹ́bà?"

Mo yíjú. Kí Ọlọ́run gbọ́, mo yíjú
sápá òsì, láti wá ẹni tí yóò dáhùn.
Fèrèsé ni mo bá níbẹ̀,
àti dígí, àti irùngbọ̀n kan tí kò tíì kún.

"Èmi ni," mo ní.
Ó ní kí n tún un sọ.